Ẹ Gbọ́ Orin Náà Kí Ẹ Tó Dá Òṣèré Lẹ́jọ́
Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olóòtú ètò orin ní àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀yin olóòtú ètò orin, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa,

Alágbàká nílùú Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà. Rédíò kì í dákẹ́ ládùúgbò wa: ó ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ àti nínú mọ́tò àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ọjà Ọba. Ẹ̀yin lẹ ń yan ohun tí etí wa ń gbọ́, ẹ̀yin náà lẹ sì ń ṣí ọ̀nà fún wa láti pè yín lórí fóònù ká sọ èrò wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ yín ní gbangba, kí àwọn olùgbọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè dá sí i.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn ló sì bí ẹ̀bẹ̀ náà. Nígbàkígbà tí òṣèré bá gbé àwo orin jáde, a máa ń dá a lẹ́jọ́ kí a tó gbọ́ orin rẹ̀. Àwọn kan á ní ó káre, torí pé wọ́n ti fẹ́ràn ojú rẹ̀ nínú fíìmù. Àwọn kan á ní kó padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀. Ìhà kìíní ò sọ nǹkan kan nípa orin, bẹ́ẹ̀ ni ìhà kejì. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dájọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkè òkun. Ẹni tó bá wo eré tẹlifíṣọ̀n 24 láàárín 2001 sí 2010 kò ní gbàgbé Jack Bauer. Kiefer Sutherland lorúkọ òṣèré tó ṣe é. Ní 2016, ọkùnrin yìí gbé àwo orin kọ́ńtírì jáde, Down in a Hole. Reckless & Me tẹ̀lé e ní 2019, Bloor Street sì jáde ní 2022. Láti orí àwo àkọ́kọ́ ni èrò àwọn olùgbọ́ ti pín. Àwọn kan gbádùn ohùn rẹ̀ tó há díẹ̀, wọ́n ní ó bá ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ inú orin náà mu. Àwọn kan ní ohùn náà kò lè dá gbé orin, pé orúkọ tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń gbé e kiri. Àwọn mìíràn sì ní eré ló ń ṣe, pé ó gbé kọ́ńtírì wọ̀ bí òṣèré ṣe ń gbé aṣọ ìtàgé wọ̀.

Ẹ̀sùn kẹta yìí ló wúwo jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti wádìí. Ní àwọn ọdún 1990, Sutherland máa ń bá àwọn darandaran Amẹ́ríkà díje nínú fífi okùn mú màlúù láti orí ẹṣin. Ó ti mọ ìgbésí ayé tí orin kọ́ńtírì ń sọ kó tó di pé ó ń kọ ọ́. Èyí kò sọ orin rẹ̀ di dáadáa o. Olórin lè mọ màlúù dáadáa kí orin rẹ̀ má tà létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ní aṣọ ìtàgé kò béèrè kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ni Omotola Jalade-Ekeinde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni wọ́n bí i sí. Fíìmù Mortal Inheritance ti 1996 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 2013, ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ jù lágbàáyé. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ní 2005, ó gbé àwo orin jáde tó pè ní Gba, tí orin "Naija Lowa" àti "The Things You Do to Me" wà nínú rẹ̀. Ní 2004, Genevieve Nnaji ti gbé tirẹ̀ jáde, One Logologo Line. Kí a rántí bí ọjà fíìmù ṣe rí lákòókò náà. Ní 2004 yẹn kan náà ni àwọn onísòwò fíìmù fòfin de àwọn gbajúmọ̀ òṣèré mélòó kan, Genevieve àti Omotola wà lára wọn, wọ́n ní owó tí wọ́n ń gbà ti pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́, kò sí ohun tó burú bí ó bá kan ìlẹ̀kùn mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Bí èrò àwọn olùgbọ́ ṣe pín nípa Sutherland lókè òkun, bẹ́ẹ̀ náà ló pín níbí. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba gbogbo ẹnu: kí ni òṣèré ń wá nínú orin? Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá orin kìíní dára ju ìkẹta lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà, ta ló lu ìlù rẹ̀, ibo ni ohùn ti gbé e, ibo ló ti já a sílẹ̀. A gbé olórin lé orí òṣùwọ̀n, a fi orin sílẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ẹ wò ó, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún olórin tó bá lọ ṣe fíìmù. Sáheed Òṣùpá àti Pasuma, àgbà olórin fújì, ń ṣe eré nínú fíìmù Yorùbá, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Banky W gbajúmọ̀ nídìí orin kó tó di ọkọ ìyàwó nínú The Wedding Party ní 2016, tọkùnrin tobìnrin ló tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá. Christy Essien-Igbokwe ṣe Akpenor nínú New Masquerade lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ Ìbíbíò náà ló tún fi èdè Yorùbá kọ "Ṣeun Rere" ní 1981, tí àwọn ìyá wa fi ń kọ́ ọmọ títí dòní. Ta ló bi í pé èwo gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀? Nínú kọ́ńtírì fúnra rẹ̀, Kenny Rogers tí a fẹ́ràn ṣe fíìmù The Gambler ní 1980, Dolly Parton sì ṣe 9 to 5 lọ́dún yẹn kan náà. Bí ọ̀nà bá tọ́ fún ẹni tó ń lọ, ó yẹ kó tọ́ fún ẹni tó ń bọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá gan-an, eré àti orin ò fìgbà kan gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1945, nígbà tí Hubert Ògúnǹdé dá ẹgbẹ́ òṣèré tó fi ń jẹun sílẹ̀, African Music Research Party ló pè é. Orin ló fi sọ ẹgbẹ́ eré lórúkọ. Nígbà tó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, orin inú eré náà gbóná débi pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é. Abẹ́ ìjọba yẹn ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà nígbà náà, nítorí náà òfin ọ̀hún kàn wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ògúnǹdé pé kó mú ọ̀kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orlando Owoh, ọmọ Ifọ̀n ní ìpínlẹ̀ wa níbí, inú ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ló ti ń lùlù tó ń kọrin ní ìparí àwọn ọdún 1950, kó tó dá ẹgbẹ́ Omimah tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1960. Ohùn tó ń kùn bí òjò tó ń bọ̀ yẹn, orí ìtàgé ló ti gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó tí wọ́n bí ní Òṣogbo. Kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó ta gìtá nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, òun náà ni Baba Sàlá, ọ̀gá aláwàdà tó ti rí oúnjẹ òòjọ́ nídìí orin highlife kó tó di pé gbogbo ayé ń fi eré rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí àwọn olùgbọ́ ìgbà náà bá ti sọ pé kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sínú ilé tirẹ̀, ẹ wo ohun tí Oǹdó ì bá pàdánù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, "Fújì tiwa ni, jùjú tiwa ni, ṣùgbọ́n kọ́ńtírì kì í ṣe tiwa. Òṣèré wa tó bá kọ kọ́ńtírì, òyìnbó ló ń ṣe." Mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn. Ẹ tẹ́tí sí Juju Music tí Sunny Adé gbé jáde lábẹ́ Island Records ní 1982, àti Synchro System tó tẹ̀ lé e ní 1983. Ohùn kan wà níbẹ̀ tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lókè ìlù, tó ń fà bí ẹni ń sunkún ayọ̀. Pedal steel guitar nìyẹn, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin dán lórí okùn rẹ̀. Òun gan-an ni ohun èlò tí orin kọ́ńtírì Amẹ́ríkà fi ń ké. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ta á fún Sunny Adé. Nígbà tó sì di 1986, òun kan náà ni Paul Simon pè kó wá ta á nínú orin "Graceland". Ọmọ Yorùbá ló ta gìtá àwọn darandaran Amẹ́ríkà nínú orin ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ Oǹdó ló mú gìtá náà wọnú jùjú, jùjú ò sì kú. Ṣe ló tún dùn sí i.

Àwọn bàbá wa pẹ̀lú, Jim Reeves, olórin kọ́ńtírì, ni wọ́n ń fi gbádùn ọjọ́ Ìsinmi wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ní gramafóònù. Nígbà tí Don Williams, olórin kọ́ńtírì mìíràn, kú ní oṣù kẹsàn-án 2017, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi orin rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ fún wa. Lónìí ńkọ́? Ní 2024, orin "A Bar Song (Tipsy)" wà ní ipò kìíní lórí Billboard Hot 100 fún ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún. Shaboozey ló kọ ọ́, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Collins Obinna Chibueze ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún yẹn náà ni Beyoncé gbé Cowboy Carter jáde, tí àwọn kan ní Amẹ́ríkà ní kì í ṣe onílé nínú kọ́ńtírì. Ẹgbẹ́ Country Music Association kò fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀bùn kankan lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù kejì 2025, Grammy fún un ní ẹ̀bùn àwo kọ́ńtírì tó dára jù, wọ́n tún fún un ní ẹ̀bùn àwo tó tayọ gbogbo àwo ọdún. Àwo kan náà ni: ilé kan ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ilé kejì gbé àga ọlá fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tó jàre, àfi kó jókòó gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀.

N kò ní fi òtítọ́ ìhà kejì pamọ́. Àwọn tó ń bínú sí òṣèré tó ń kọrin ní ìdí tó yè kooro. Afẹ́fẹ́ yín kò gbòòrò tó gbogbo olórin. Ọmọkùnrin kan lè wà ní Ìjàpọ̀ nílùú Àkúrẹ́ tàbí ní Yaba nílùú Oǹdó tó ti ń ta gìtá láti kékeré, tó ń fi owó ìgbéyàwó àti ìsìnkú tó bá ṣeré rọra gba orin sílẹ̀, tí kò rí ìṣẹ́jú mẹ́ta gbà lórí rédíò. Òṣèré olókìkí á dé, wọ́n á gbé orin rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, nítorí pé ojú rẹ̀ wà lára pátákó ìpolówó. Ìyẹn kò tọ́, inú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn orin ò sì lè dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká di ẹ̀bi ru ẹni tó ni ín. Ẹ̀bi yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yan orin nítorí okìkí. Kò sí nínú pé òṣèré lanu kọrin. Òṣùwọ̀n tí ó bá gba ọmọ Ìjàpọ̀ là kò ní rẹ́ òṣèré jẹ, torí pé òṣùwọ̀n kan náà ni: ṣé orin yìí dára?

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ohun mẹ́ta ni mo rò pé etí gbọdọ̀ wá.

Àkọ́kọ́ ni ohùn. Kò pọn dandan kó dùn bí oyin. Orlando Owoh kò ní ohùn oyin, síbẹ̀ a ò lè gbàgbé rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni pé kí olúwarẹ̀ gba ohùn tí Ọlọ́run fún un gbọ́, kó sì mọ ibi tó lè gbé e dé. Ibí yìí la ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Láti 1997 tí Auto-Tune ti dé ọjà ni ẹ̀rọ ti lè tún ohùn tó ṣìnà ṣe kó tó dé etí wa. Ohùn inú àwo kì í sọ gbogbo òtítọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, àfi kó gbọ́ olórin lójúkojú, pẹ̀lú gìtá kan tàbí ìlù kan péré.

Èkejì ni ọ̀rọ̀. Ìtàn ni kọ́ńtírì: ẹni tí ìyàwó fi sílẹ̀, ẹni tó jìnnà sílé, ẹni tó ń ronú ìyá rẹ̀ tó ti kú. Òṣèré tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń gbé ìbànújẹ́ ẹlòmíràn sára. Èyí lè ràn án lọ́wọ́, ó sì lè ba orin rẹ̀ jẹ́ bó bá ń fi omijé orí ìtàgé kọ ohun tó yẹ kó fi ọkàn kọ. Etí tó ń fọkàn gbọ́ máa ń mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń ta gìtá tí wọ́n ń lùlù lẹ́yìn rẹ̀. Àwo tó bá ní orúkọ ńlá níwájú tí kò sì ní onílù gidi lẹ́yìn, aṣọ ẹ̀bá òpópó ni: fífọ̀ kan, ó ṣá. Ẹ béèrè orúkọ wọn, ẹ sì dárúkọ wọn fún wa lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Bí òṣèré bá gbé àwo orin jáde, kọ́ńtírì ni o, jùjú ni o, ẹ máà yan orin kan ṣoṣo tí àwọn onísòwò rẹ̀ fẹ́. Ẹ fún un ní wákàtí kan lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ orin àti àwọn tó ta gìtá, kí ẹ tó ṣí fóònù fún wa. Nígbà tí a bá sì pè, ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ òṣèré nìkan. Ẹ bi wá pé orin wo ló dùn mọ́ wa, apá ibo ni kò dùn, kí ló fà á. Ẹ máa sọ fún ẹni tó bá ní ohùn rẹ̀ ò dára pé kó sọ ibi tí kò ti dára. Ẹ fi wákàtí kan náà fún olórin tí kò lókìkí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Oríta-Òbèlé, owó orí wa ló ń tọ́jú yín, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó àṣà náà ní Alágbàká, ẹ ní gbọ̀ngàn ńlá tó ń jẹ́ Dome nítòsí yín. Ẹ ṣí i sílẹ̀ nígbà mìíràn fún olórin láti kọrin láìsí ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, kí àwọn olùgbọ́ Àkúrẹ́ lè fi etí ara wọn dájọ́. Bí òṣèré bá gbà láti wá, ẹ pè é. Kí ẹ sì pe ọmọ Ìjàpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe ohun tó burú kí èrò wa má ṣọ̀kan. Bí gbogbo wa bá gbà pé àwo kan dára, tàbí pé gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí a má tíì gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí èrò wa pín lórí orin: orin kìíní àti ìkejì, ìlù àti ohùn, ọ̀rọ̀ tó dé ọkàn àti èyí tí kò dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí olórin ń ṣe kó tó kọrin, tirẹ̀ ni. Ìlú tó ni Sunny Adé, ìpínlẹ̀ tó ni Orlando Owoh, kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń lé òṣèré kúrò nídìí orin. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ parí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Èmi ni olùgbọ́ yín tòótọ́,
Alágbàká, Àkúrẹ́.